Ẹ Bi Wá Léèrè: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Ń Súnkì Nínú Èdè Potogí

Lẹ́tà mẹ́rin tí a mú lóṣù yìí ló dá lé ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tó kọ wọ́n ń kọ́ èdè Potogí, tàbí kẹ̀, iṣẹ́ wọn ló mú kí wọ́n máa gbọ́ ọ, ohun tó sì ń dà wọ́n láàmú ni pé ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé kọ́ ni wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ni èdè. Àbújá ni méjì nínú àwọn lẹ́tà náà ti wá, kò sì yani lẹ́nu, nítorí pé ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ àjọ ECOWAS wà, èdè Potogí sì jẹ́ ọ̀kan nínú èdè mẹ́ta tí àjọ náà fọwọ́ sí, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú díẹ̀ kí àyè lè gbà wọ́n.

Ìbéèrè láti Lugbe, Àbújá

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. Mo ń múra láti lọ kàwé ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, mo sì ti ń kọ́ èdè Potogí láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá ṣí ìwé, ohun tí mo kà máa ń yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo eré wọn, tàbí tí ará Bràsíl kan tó ń gbé ní àdúgbò wa bá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ńṣe ló máa ń dà bíi pé èdè mìíràn ni. Mo ń gbọ́ 'cê', mo ń gbọ́ 'tá', mo ń gbọ́ 'né', n kò sì rí wọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè kékeré tí mo ní. Olùkọ́ wa ní ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé ni, kí n má fi etí sí i. Ṣé òótọ́ ni?"

Rárá, ọmọ wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹni tó kàwé àtẹni tí kò kàwé ní Bràsíl ló ń sọ "tá" àti "né". Dókítà ń sọ ọ́ fún aláìsàn, ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ ọ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àwọn òṣèlú sì ń sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn kì í kàn kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìjọba tàbí ìwé ìmọ̀ ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí olùkọ́ yín ní lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún ẹni tó ń lọ gbé láàrin wọn pé kó má fi etí sí i, ìpalára ni, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń súnkì jù lọ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn: ọ̀rọ̀-ìṣe "estar", arọ́pò-orúkọ "você", ọ̀rọ̀ atọ́kùn "para", àti ọ̀rọ̀ ìparí gbólóhùn náà, "não é". Ẹni tí kò bá dá mẹ́rin yìí mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti kúrú yóò máa pàdánù nǹkan kan nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí wọ́n bá bá a sọ.

"Estar" ni wọ́n fi ń sọ ipò tí ènìyàn tàbí nǹkan wà ní àkókò kan. Lẹ́nu, "es" tó wà níwájú rẹ̀ a jábọ́, tí "estou" fi ń di "tô", tí "está" ń di "tá", tí "estão" ń di "tão", tí "estava" sì ń di "tava". "Tô indo" ni "mo ń lọ", "tô com fome" ni "ebi ń pa mí". Kò tán síbẹ̀, nítorí pé "tá" ti kọjá ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, ó ti di ìdáhùn. Bí o bá bẹ ẹnì kan níṣẹ́ tó sì sọ pé "tá" tàbí "tá bom", ó ti gbà nìyẹn. Bí ó bá sì fi parí gbólóhùn, bíi "Me liga, tá?", ohun tí àwa ń sọ ni ó ń sọ, pé "Pè mí o, ṣé o gbọ́?" Ibi tí ó ti lè ṣì ọ́ lọ́nà ni "estivesse", tí wọ́n ń gé sí "tivesse", nítorí pé "tivesse" wà tẹ́lẹ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe "ter", tó túmọ̀ sí "ní". "Se eu tivesse dinheiro" ni "ká ní mo ní owó", nígbà tí "se eu tivesse lá", lẹ́nu wọn, jẹ́ "ká ní mo wà níbẹ̀". Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ni yóò là á yé ọ.

"Para" kò ní wàhálà. Ó ń di "pra", tí "para o" sì ń di "pro", bíi "vou pro mercado", "mo ń lọ sí ọjà". "Né" ni "não é", ó sì bá "àbí" wa mu régí: "Tá quente, né?" ni "Ooru ń mú, àbí?" Àwọn kan wà tí wọn kì í sọ gbólóhùn méjì kí wọ́n tó fi "né" sí i, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń retí ìdáhùn ní gbogbo ìgbà.

"Você" ni mo fẹ́ kí o jókòó tì dáadáa. Láyé àtijọ́ ní Pọ́túgà, "vossa mercê" ni wọ́n fi ń pe ọba, ìyẹn ni "oore-ọ̀fẹ́ yín". Nígbà tó yá, àwọn ìjòyè ń gbà á, lẹ́yìn náà àwọn ọlọ́jà ń fi pe ara wọn. Ó di "vosmecê", ó di "você", èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ báyìí, ẹnu àwọn ará Bràsíl sì ti tún gé e sí "cê". "Cê tá indo pra onde?" ni "Você está indo para onde?", ìyẹn ni "Níbo lò ń lọ?"

Ọmọ Yorùbá ní àǹfààní láti tètè mọ òfin tó wà nídìí "cê", nítorí pé òfin náà wà nílé wa. A ní "mo", a sì ní "èmi"; a ní "o", a sì ní "ìwọ". A ń sọ pé "mo lọ", ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ pé "mo àti o lọ sọ́jà"; "èmi àti ìwọ" ni yóò sọ. Bí wọ́n bá béèrè pé "Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?", ọmọdé tí kò tíì wọ ilé ìwé pàápàá mọ̀ pé òun kò lè dáhùn pé "Mo", "Èmi ni" ni yóò wí. Arọ́pò-orúkọ kúkúrú kò lè dá dúró, àfi kó fara ti ọ̀rọ̀-ìṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "cê" rí. Wọ́n ń sọ pé "Cê viu?", ìyẹn "Ṣé o rí i?", ṣùgbọ́n wọn kì í sọ pé "cê e eu", "você e eu" ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ nàka sí ọ láàrin èrò, "Você!" ni yóò pè, kò ní pe "Cê!" láéláé. Nítorí náà, níbi tí o bá ti lè lo "o" nínú Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí o gbọ́ "cê". Níbi tí "ìwọ" bá ti di dandan, "você" ni kí o máa retí.

Òfin yìí náà ló de "não". Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn títí yóò fi di "num": "num sei", "n kò mọ̀". Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ìdáhùn, tàbí tó bá wà níparí gbólóhùn, wọn kì í gé e. Gbọ́ gbólóhùn yìí: "Cê num vai lá não, né?" Ìwé yóò kọ ọ́ báyìí pé "Você não vai lá, não é?", ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "O kò ní lọ síbẹ̀, àbí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni "não" wà nínú èyí tí a fi ẹnu sọ. Àkọ́kọ́ ti di "num" nítorí pé "vai" ló fara tì. Èkejì wà lódindi nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn ti sinmi. Ẹ̀kẹta ti wọ inú "né" lọ. Mọ̀ pẹ̀lú pé "num" mìíràn wà tí kì í ṣe "kò" rárá: "em um" náà ń di "num", bíi "num carro", "nínú ọkọ̀ kan". Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀ lé e, "kò" ni. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, "nínú" tàbí "ní" ni.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé gbogbo ìsúnkì kò dọ́gba lójú àwọn tó ni èdè, èyí sì ni ibi tí olùkọ́ rẹ ti ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Kò sí ẹni tí "tá", "pra" àti "né" ń tì lójú. Bí wọ́n bá gé "r" kúrò níparí ọ̀rọ̀-ìṣe, tí "falar" di "falá", tí "comer" sì di "comê", ìyẹn náà wọ́pọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n "falano" dípò "falando" wà lára ohun tí àwọn kan fi ń fojú tín-ín-rín ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ kò lóǹkà. Gbọ́ ọ, kí ó yé ọ, ṣùgbọ́n má tíì fi sẹ́nu, nítorí pé a kì í gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò bí a ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọmọ onílé.

Ní ti etí, ọ̀nà rẹ kò jìn tó bí o ṣe rò. Fáwẹ̀lì méje tí a ní nínú Yorùbá, láìka àwọn aránmúpè, ni ará Bràsíl náà ní nínú sílébù tí ohùn rẹ̀ wúwo. Àmì orí lẹ́tà wọn ń ṣe iṣẹ́ tí àmì ìsàlẹ̀ ń ṣe nínú tiwa: "é" wọn ni "ẹ", "ê" wọn ni "e", "ó" wọn ni "ọ", "ô" wọn sì ni "o". Nípa bẹ́ẹ̀, "né" ń dún bíi "nẹ́", "cê" ń dún bíi "sé", "tô" sì ń dún bíi "tó". "Avó" ni ìyá àgbà, "avô" ni bàbá àgbà, ohun kan ṣoṣo tó sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu ni "ọ" àti "o". Ọ̀pọ̀ àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àbínibí wọn ń ja ìjàkadì lórí ìyàtọ̀ yìí. Etí tìrẹ ti gbọ́ ọ láti kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o mú ọ̀rọ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú eré tí ò ń wò, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bí o ṣe gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìsúnkì rẹ̀, kí o wá kọ odindi rẹ̀ sábẹ́. Má bẹ̀rẹ̀ láti odindi. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí ìwé sọ yóò máa gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó bá ti mọ́ ọ lára, wàá lè gbọ́ àwọn ará ìpínlẹ̀ Minas Gerais, tí wọ́n gbajúmọ̀ káàkiri Bràsíl fún bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. "Onde que eu tô?", "Ibo ni mo wà?", ti di "oncotô" lẹ́nu wọn, tí "pra onde que eu vou?" sì di "proncovô". Àwọn fúnra wọn fẹ́ràn láti máa fi àpẹẹrẹ wọ̀nyí pa àlejò lẹ́rìn-ín.

Ìbéèrè láti Wuse, Àbújá

"Mo kí yín o, ẹ̀yin olóòtú. Ìdí tábìlì ìgbàlejò ni mo wà ní ilé ìtura kan níbí. Nígbà ìpàdé, a máa ń gba àlejò láti Gínì-Bìsáù àti Cabo Verde, àwọn ará Pọ́túgà náà sì máa ń wá. Èdè Potogí ti Bràsíl ni mo kọ́ díẹ̀ lórí fóònù mi. Mo pe yàrá ọ̀gbẹ́ni kan, ó gbé e, ó ní 'Tou?', ó sì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Òmíràn wá síwájú mi, ohun tí mo gbọ́ kò ju 'faxavor' lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń sọ? Báwo ni mo sì ṣe lè bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀ tí n kò fi ní rí wọn fín?"

Ẹ ṣé, arábìnrin wa. "Tou?" ni "Estou?", bíi pé "Mo wà níbí". Bí àwọn ará Pọ́túgà ṣe ń dáhùn fóònù nìyẹn, níbi tí ará Bràsíl yóò ti sọ pé "Alô?" Wọ́n tún lè sọ pé "Está lá?" Kò retí ìdáhùn mìíràn ju kí ẹ kí i, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti ń pè. "Faxavor" ni "faz favor", "ẹ jọ̀ọ́", òun náà ni wọ́n sì fi ń pe ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ kó lè dá wọn lóhùn.

Ìdí tí ti Pọ́túgà fi le fún yín ni pé ibi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ará Bràsíl ń gé iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pe àwọn fáwẹ̀lì tó kù ketekete. Ará Pọ́túgà ń gbé fáwẹ̀lì àárín mì nígbàkigbà tí ohùn kò bá ti wúwo lórí rẹ̀, tí kọ́ńsónáǹtì fi ń kọlu kọ́ńsónáǹtì. "Pequeno", "kékeré", ń di "p'queno". "Diferente" ń di "dif'rent'". "Telefone" ń di "t'l'fon'". Lẹ́yìn náà, "s" tó bá parí sílébù ń dún bíi "ṣ", ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò mọ̀ fi máa ń rò pé "ṣ" nìkan ni wọ́n ń sọ. Etí Yorùbá kò gba irú èyí tinútinú, nítorí pé sílébù tiwa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Bí ọ̀rọ̀ àjèjì bá tilẹ̀ wá bẹ́ẹ̀, a ń fi fáwẹ̀lì tì í, bí a ṣe ṣe fún "búrẹ́dì" àti "síléètì". Ará Bràsíl ń ṣe ohun kan náà: ọ̀pọ̀ wọn ń pe "advogado", "agbẹjọ́rò", ní "adivogado", wọ́n sì ń pe "internet" bíi "internétchi". Ìdí nìyí tí ti Bràsíl fi tètè wọ̀ yín létí. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ kò ṣòfò rárá, ẹ kàn ní láti fi etí sí sílébù tó wúwo nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun ni wọn kì í gbé mì. Bí ẹ bá tún ń gbọ́ "pá" lẹ́nu àwọn ọkùnrin, "rapaz" ni, "ọ̀dọ́mọkùnrin", tí wọ́n ń sọ sáàrin ọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń pè.

Ní ti àwọn àlejò láti Gínì-Bìsáù àti Cabo Verde, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ má jẹ́ èdè Potogí rárá. Èdè Potogí ni èdè ìjọba àti ti ilé ìwé lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n Kiriolu ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé àti láàrin ara wọn, èdè tó gba ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Potogí, tó sì ní gírámà tirẹ̀. Ará Bissau yóò kí ẹnì kejì rẹ̀ pé "Kuma ku bu sta?", ará erékùṣù Santiago ní Cabo Verde yóò sì sọ pé "Modi ki bu sta?", pé "Báwo ni?" Ẹ ó rí "sta" nínú méjèèjì, "estar" náà ni. Ẹ má ṣe wá a nínú ìwé Potogí, ẹ má sì ka àìgbọ́ rẹ̀ sí àìmọ̀ọ́ṣe. Bí ẹ bá fi Potogí bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn yóò fi Potogí dá yín lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí ẹ béèrè dùn mọ́ mi nínú. Bí ẹ bá rò pé "você" ni "ẹ" wa, ẹ ó ṣi àgbà pè. Ní Bràsíl, ẹgbẹ́ ni a ń pè bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tí a jọ ń ṣe wọlé-wọ̀de. Ní Pọ́túgà, ó lè dún bí àfojúdi létí àwọn kan. "O senhor" fún ọkùnrin àti "a senhora" fún obìnrin ni ẹ lè fi bá àgbà sọ̀rọ̀ níbikíbi tí wọ́n ti ń sọ èdè yìí: "O senhor precisa de alguma coisa?", "Ṣé ẹ nílò nǹkan kan, sà?" "Cê" kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu yín sí wọn. Síbẹ̀, ìsúnkì kan wà tó ń gbé ọ̀wọ̀ dání. Ní Bràsíl, "senhor" tó bá ṣáájú orúkọ àbísọ a máa di "seu", tí wọ́n fi ń pe àgbàlagbà ní "seu Antônio", tí obìnrin sì ń jẹ́ "dona Maria". Ní Pọ́túgà, àwọn ọmọ ilé ìwé gíráma ń pe olùkọ́ wọn ní "stôr", tí obìnrin ń jẹ́ "stôra", láti inú "senhor doutor" àti "senhora doutora", àwọn olùkọ́ náà sì ń dáhùn.

Ìbéèrè láti Jọ́ọ̀sì

"Ọmọbìnrin mi ń múra fún ìdánwò Celpe-Bras. Mo gbọ́ tí ó ń sọ 'pra' àti 'tá' nígbà tó ń dán ara rẹ̀ wò, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ṣé wọn kò ní gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá wa. Ìdánwò ìjọba Bràsíl fún àwọn àjèjì ni Celpe-Bras, ó sì ní apá méjì: apá kíkọ, tí iṣẹ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, àti apá ìfọ̀rọ̀wérọ̀, tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú. Nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, "tá" àti "pra" kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá ń pe gbogbo "está" àti "para" lódindi níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ gbuurugbu yóò dà bí ẹni tó ń ka ìwé sókè. Nínú kíkọ, ẹni tí wọ́n ní kó kọ ọ̀rọ̀ sí ni kó wò. Bí ó bá jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn tàbí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan, odindi ni kó kọ; bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́, "pra" kan tàbí méjì kò ní bà á jẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ bá a tẹnu mọ́ ni pé kó má fi ìbẹ̀rù ìsúnkì gé èyí tó jẹ́ dandan kúrò. "De" pẹ̀lú "o" gbọ́dọ̀ di "do", "em" pẹ̀lú "a" gbọ́dọ̀ di "na", "por" pẹ̀lú "o" gbọ́dọ̀ di "pelo", nínú ìwé tó ga jù lọ pàápàá. Ẹni tó bá kọ "em a casa" dípò "na casa" ti ṣe àṣìṣe, bí ẹni tó bá ń kí ènìyàn pé "ẹ kú àárọ̀" láìjẹ́ kó di "ẹ káàárọ̀" ṣe máa ń dún bí àlejò létí wa. Bákan náà ni "foto", "moto" àti "pneu", táyà, tí wọ́n gé láti inú "fotografia", "motocicleta" àti "pneumático": wọ́n ti di onílé, ibikíbi ni a lè kọ wọ́n sí. Ṣùgbọ́n "facul" fún "faculdade", "refri" fún "refrigerante" tó jẹ́ mínírà, àti "apê" fún "apartamento", ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n wà.

Ìbéèrè láti Mínnà

"Mo ń ta òrí, mo sì ní oníbàárà kan ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Ẹ̀rọ ni mo fi ń túmọ̀ ohun tó bá kọ sí mi lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n 'vc', 'blz', 'vlw', 'oxe' àti 'kkkk' kò jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rí i ṣe. Ẹ gbà mí."

Lẹ́tà tí wọ́n fi ń dín títẹ̀ kù ni púpọ̀ nínú wọn. "Vc" ni "você". "Tb" ni "também", "pẹ̀lú". "Pq" lè jẹ́ "kí ló dé" tàbí "nítorí pé". "Hj" ni "hoje", "òní". "Qdo" ni "quando", "nígbà tí", èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ọjọ́ tí owó yóò wọlé. "Blz" ni "beleza", tí wọ́n ń lò fún "kò burú, a ti jọ gbà". "Vlw" ni "valeu", "o ṣé", "obg" sì ni "obrigado" tàbí "obrigada", ìdúpẹ́ tó gbé pẹ́ẹ́lí ju "vlw" lọ. "Kkkk" ni ẹ̀rín. "Oxe" kì í ṣe ti ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ẹnu àwọn ará Bahia àti àyíká wọn ló ti wá, ìkékúrú "oxente" ni, ìyàlẹ́nu ló sì ń fi hàn, bí ìgbà tí àwa bá ní "Há à!" Bí ó bá kọ "vixe" sí yín, "Virgem" ni, orúkọ Màríà Wúńdíá tí wọ́n ń ké pè bí nǹkan bá ya wọ́n lẹ́nu tàbí tó bá burú, ẹ béèrè bóyá ẹrù kò dé dáadáa.

Kí ẹ tó fi iye owó tàbí ìwọ̀n òrí ránṣẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà lódindi, kí ẹ sì ní kí òun náà kọ tirẹ̀ lódindi. Ní ìparí ọ̀rọ̀, "abs" ni "abraços", "mo gbá yín mọ́ra", "bjs" sì ni "beijos", "mo fi ẹnu kò yín lẹ́nu". Fún oníbàárà tí ẹ kò tíì rí sójú rí, "abs" ti tó.